Ǹjẹ́ Ìjọba Tí A Dìbò Yàn Ń Ṣiṣẹ́ fún Wa?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé àwọn olùdìbò ọmọ Yorùbá ní Ìlú Ìbíní

Òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999, ní abala 14, sọ pé ààbò àti ìgbáyégbádùn ará ìlú ni olórí iṣẹ́ ìjọba. Ohun tí ìwé wí nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ojú wa ti rí ní ìpínlẹ̀ yìí.

Àwọn kan nínú wa a máa sọ pé ayé ológun sàn jù. Ẹni tí wọ́n ń tọ́ka sí ni Samuel Ogbemudia, tí ó jẹ́ gómìnà ológun láti ọdún 1967 sí 1975. Lóòótọ́, ó ṣiṣẹ́. Ní ìgbà tirẹ̀ ni a dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó di Yunifásítì Ìbíní sílẹ̀ ní ọdún 1970, pápá ìṣeré ńlá ìlú yìí sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n àwa kọ́ ni a yàn án, àwa kọ́ ni a sì yọ ọ́. Ìlú tí orí bá bá ṣe é lè rí ológun rere. Èyí tí ó bá bọ́ sọ́wọ́ ológun búburú, kò ní ọjọ́ kan tí yóò lè lé e lọ.

Ní ọdún 1979, a dìbò yan Ọ̀jọ̀gbọ́n Ambrose Alli ti ẹgbẹ́ UPN sí ipò gómìnà Ìpínlẹ̀ Bendel. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni ẹgbẹ́ rẹ̀ fi polongo, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà ni ó sì ṣe. Ní ọdún 1983, Ogbemudia kan náà, tí ó ti bọ́ aṣọ ológun, wá bá Alli du ipò, wọ́n sì kéde pé òun ni ó borí. Ẹni tí ó ti pàṣẹ fún wa rí ni ó wá dúró níwájú wa láti tọrọ ìbò. Níbẹ̀ gan-an ni ìyàtọ̀ wà. Kò lò ju oṣù mẹ́ta lọ tí àwọn ológun fi tún gba ìjọba.

Ṣùgbọ́n ìbò tí a kò bá kà dáadáa kò sàn ju àṣẹ ológun lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2007, wọ́n kéde Ọ̀jọ̀gbọ́n Oserheimen Osunbor ti ẹgbẹ́ PDP ní gómìnà. Adams Oshiomhole gba ilé ẹjọ́ lọ. Ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ọdún 2008 ni Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé Oshiomhole ni ìbò gbé wọlé. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n búra fún un. Ilé ẹjọ́ dá ìbò wa padà fún wa, ṣùgbọ́n kò sí ilé ẹjọ́ tí ó lè dá nǹkan bí oṣù 18 tí ó ti lọ padà.

Àìsàn kejì, ọwọ́ àwa fúnra wa ni ó ti wá. Nígbà ìdìbò gómìnà ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, orúkọ 2,629,025 ènìyàn ni ó wà nínú ìwé àjọ INEC. Monday Okpebholo, ẹni tí a kéde, ní ìbò 291,667. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: nínú ènìyàn mẹ́sàn-án tí ó forúkọ sílẹ̀, bí ẹnì kan ni ó dìbò fún un. N kò fi èyí bá ẹni tí ó wọlé wí. Òun kọ́ ni ó ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwa tí a jókòó sílé. Ṣùgbọ́n olóṣèlú mọ ìṣirò. Ó mọ àdúgbò tí ó tò sórí ìlà àti èyí tí kò jáde. Bí ọ̀dà bá dé, èwo ni yóò kọ́kọ́ rántí?

Àwa Yorùbá tí a ń gbé níhìn-ín a máa wí pé, “Ilé wa kọ́ nìyí.” Àgbàrá tí ó ń gbẹ́ ilẹ̀ ní ìlú yìí kì í bèèrè èdè tí onílé ń sọ kí ó tó wọlé rẹ̀. Níhìn-ín ni àwọn ọmọ wa ti ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, níhìn-ín ni a ti ń san owó ọjà. Abala 77 nínú òfin náà fún ọmọ Nàìjíríà tí ó bá ti pé ọdún 18, tí ó sì ń gbé ní orílẹ̀-èdè yìí, ní ẹ̀tọ́ láti forúkọ sílẹ̀. Kò bèèrè ìlú baba rẹ̀. Ibi tí a bá ń gbé ni a ń ṣe.

Ẹ sì ṣọ́ra fún “dìbò kí o se ọbẹ̀” tí a gbọ́ ní Èkìtì ní ọdún 2018. Bí ẹnì kan bá gba ₦5,000 fún ọdún mẹ́rin, kò tó ₦4 lójúmọ́. Ẹni tí ó ti ra ìbò rẹ ti san gbèsè tirẹ̀ tán; kí ni o tún fẹ́ bi í?

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo bẹ̀ yín sí. Ẹni tí káàdì ìdìbò rẹ̀ wà ní ìlú mìíràn, kí ó lọ gbé e wá sí ibi tí ó ń gbé kí àkókò tó kọjá. Kí a jọ bi àwọn olùdíje ní gbangba nípa gọ́tà, ilé-ẹ̀kọ́ àti ọjà wa, kí a sì kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀. Bí a bá dìbò tán, kí a fi sùúrù dúró títí wọn yóò fi ka ìbò, tí wọn yóò sì lẹ èsì mọ́ ògiri.

Ìdáhùn mi sí ìbéèrè yín kò ju èyí lọ: ìjọba tiwa-n-tiwa ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tí ó mọ̀ pé yóò padà wá bi òun léèrè. Ẹ má jẹ́ kí a sọnù nínú ìṣirò wọn.