Obìnrin tí Nǹkan Oṣù Rẹ̀ Ń Ṣe Ségesège: Ohun tí Oúnjẹ Lè Ṣe

Ẹ̀yin baba, ẹ̀yin ìyá, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ ní Ìkẹ̀rẹ́, ní Ìsẹ̀, ní Ọ̀run, ní Èmùré àti ní gbogbo abúlé tí ó yí wọn ká, ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a kì í sábà sọ ní gbangba. Àwọn obìnrin a máa sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀, àwọn ọkùnrin a sì máa ṣe bí ẹni pé kò kàn wọ́n. Ṣùgbọ́n ó kàn wọ́n púpọ̀, nítorí pé ó ti tú ilé ká, ó sì ti mú kí a di ẹ̀bi ru ìyàwó tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Nǹkan oṣù ọmọbìnrin kan lè máa wá lẹ́ẹ̀kan ní oṣù méjì tàbí mẹ́ta, tàbí kí ó má tilẹ̀ wá rárá fún ìdajì ọdún. Irun lè máa hù ní àgbọ̀n rẹ̀ àti ní àyà rẹ̀, kí irorẹ́ bo ojú rẹ̀, kí irun orí rẹ̀ máa re, kí ara rẹ̀ sì máa sanra láìnídìí tí ó mọ̀. Bí ó bá wọ ilé ọkọ, oyún lè pẹ́ kí ó tó dé. Nígbà náà ni àwọn kan yóò wí pé ayé ni ó ń ṣe é. Àwọn mìíràn yóò wí pé ó ti fi ìgbà èwe rẹ̀ ba ara rẹ̀ jẹ́. Kò sí òtítọ́ nínú èkíní, kò sì sí nínú èkejì. Àìsàn ni, àwọn oníṣègùn sì mọ̀ ọ́n.

Ní ọdún 1935, ní ìlú Chicago ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn oníṣègùn méjì, Irving Stein àti Michael Leventhal, kọ̀wé nípa àwọn obìnrin méje tí wọ́n ní irú àmì wọ̀nyí. Orúkọ tí àìsàn náà wá ń jẹ́ ni polycystic ovary syndrome, èyí tí a ń gé kúrú sí PCOS. Kì í ṣe àìsàn àwọn òyìnbó nìkan. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú díwọ̀n rẹ̀ pé nínú 100 obìnrin tí ó wà ní ọjọ́ orí ìbímọ, bí 10 sí 13 ni ó ní àìsàn yìí, àti pé nínú 100 tí ó ní i, bí 70 ni kò mọ̀. Ní Ìlọrin àti ní Enugu, nígbà tí àwọn oníṣègùn yẹ àwọn obìnrin tí ń wá ọmọ wò ní ilé-ìwòsàn wọn, àwọn tí wọ́n bá àìsàn yìí lára wọn ju 10 lọ nínú 100.

Orúkọ náà a máa mú kí ènìyàn rò pé ìju tàbí kókó kan ni ó wà nínú obìnrin. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹyin kéékèèké tí ó bẹ̀rẹ̀ sí dàgbà tí kò sì gbó ni ó péjọ sínú ilé ẹyin. Kí ni kò jẹ́ kí wọ́n gbó? Bí a bá jẹ iyán, gàrí tàbí búrẹ́dì, ó ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Ara a sì pèsè ohun kan tí a ń pè ní ínsúlìn, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti ṣí ìlẹ̀kùn fún ṣúgà náà kí ó lè wọ inú ara lọ di agbára. Ní ara ọ̀pọ̀ obìnrin tí ó ní PCOS, ìlẹ̀kùn yìí a máa le. Ara a wá pèsè ínsúlìn púpọ̀ sí i, bí àlejò tí ó kanlẹ̀kùn tí a kò dá a lóhùn, tí ó wá ń fi gbogbo agbára gbá a. Àpọ̀jù ínsúlìn yìí a mú kí ilé ẹyin pèsè họ́mónù irú ti ọkùnrin ju bí ó ti yẹ lọ. Gbogbo obìnrin ni ó ní díẹ̀ nínú họ́mónù náà. Àpọ̀jù rẹ̀ ni ó ń hu irun àgbọ̀n, òun kan náà ni kì í jẹ́ kí ẹyin gbó kí ó sì bọ́ lákòókò. Ibi tí oúnjẹ ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyí. Ohun tí kò bá jẹ́ kí ṣúgà ru sókè lójijì lẹ́yìn oúnjẹ, ó ń dín làálàá ínsúlìn kù.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ̀rù pé a fẹ́ gba iyán lọ́wọ́ ará Èkìtì. Ní ọdún 2023, àwọn onímọ̀ láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tún ìlànà ìtọ́jú àìsàn yìí ṣe, wọ́n sì wí pé kò sí irú oúnjẹ kan ṣoṣo tí ó ta ìyókù yọ. Oúnjẹ tí ó pé, tí ó wà ní ìwọ̀n, tí ènìyàn sì lè máa jẹ títí, ni ó dára. Nítorí náà, ohun tí obìnrin náà ń fẹ́ wà lóko àti lọ́jà wa. Ìwọ̀n ni ó yẹ kí ó yí padà.

Ní ilé púpọ̀, iyán a ga bí òkè Olósùnta, ẹ̀fọ́ a sì kéré bí omi odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ jẹ́ kí a yí i padà. Ẹ fi ojú inú pín àwo oúnjẹ sí mẹ́rin. Kí ìdá méjì jẹ́ ẹ̀fọ́: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewúro, yánrin, gbúre tàbí ilá. Kí ìdá kan jẹ́ ẹ̀wà, òtílí, ẹja, ẹyin tàbí ẹran tí kò lọ́ràá. Kí ìdá kan tí ó kù jẹ́ iyán, kí ó tó bí ìkúùkù obìnrin náà fúnra rẹ̀. Bí ó bá kọ́kọ́ jẹ nínú ẹ̀fọ́ àti ẹja kí ó tó bu òkèlè, ṣúgà kì í tètè gùn nínú ẹ̀jẹ̀.

Ẹ̀wà ń dà díẹ̀díẹ̀, ó sì ń yóni pẹ́. Nítorí náà ọ̀ọ̀lẹ̀ àti ẹ̀kuru dára ju búrẹ́dì funfun lọ ní òwúrọ̀. Gàrí tí a fi ṣúgà mu, ògì tí a da ṣúgà kún, àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni kí a yẹra fún. Ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò 50cl kan lè ní ṣúgà tí ó ju kóró 10 lọ. Ọsàn dára, ṣùgbọ́n kí a jẹ ẹ́ ju kí a fún omi rẹ̀ sínú ife lọ. Epo náà dára, bí a bá fi ṣíbí wọ̀n ọ́n.

Bí ara obìnrin náà bá wúwo, kò di dandan kí ó di pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ẹni tí ó wọn kílò 80, bí ó bá dín kílò 4 sí 8 kù, nǹkan oṣù rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí bọ̀ sípò. Kí ó má ṣe fi ebi pa ara rẹ̀. Kí ó máa rin ìrìn kíákíá fún ìdajì wákàtí, ó kéré tán ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Bí oko tàbí ọjà kò bá jìnnà, kí ó fi ọ̀kadà sílẹ̀. Obìnrin tí ó tín-ín-rín náà lè ní àìsàn yìí. Òun kò nílò láti fọn sí i, ṣùgbọ́n ìwọ̀n oúnjẹ kan náà yóò ràn án lọ́wọ́.

Síbẹ̀, oúnjẹ nìkan kò tó. Kì í ṣe gbogbo nǹkan oṣù tí ó dá dúró ni ó jẹ́ PCOS. Ó lè jẹ́ oyún, ó sì lè jẹ́ àìsàn inú ọrùn tí ó ń fa gẹ̀gẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti àwòrán ilé ẹyin ni yóò fi èyí hàn. Kí a kọ́kọ́ lọ sí ilé-ìwòsàn ìjọba tí ó wà nítòsí. Bí ó bá yẹ, wọn yóò darí ẹni náà sí ilé-ìwòsàn ńlá ní Adó tàbí ní Ìdó-Èkìtì. Oògùn wà tí dókítà lè fún un láti mú ẹyin bọ́, irú bí letrozole, àti metformin tí ń mú kí ara gbọ́ràn sí ínsúlìn. Kò tíì sí oògùn kan, ti òyìnbó tàbí ti ìbílẹ̀, tí a mọ̀ pé ó ń mú àìsàn yìí kúrò pátápátá. Nítorí náà, kí a má ṣe fi owó ṣòfò lórí àgbo tí wọ́n ní ó ń fọ ilé ọmọ.

Kí obìnrin tí kò wá ọmọ mọ́ má ṣe rò pé kò kan òun. Bí nǹkan oṣù kò bá wá fún ohun tí ó ju oṣù mẹ́ta lọ, kí ó lọ rí dókítà. Awọ inú ilé ọmọ a máa nípọn, bí ọdún bá sì ti ń gorí ọdún, ó lè di jẹjẹrẹ. Àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru náà a máa tẹ̀lé àìsàn yìí bí a kò bá tọ́jú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹni tí kò fẹ́ lóyún má ṣe gbójú lé e pé oyún kò lè dé, nítorí pé ẹyin lè bọ́ nígbà tí a kò retí.

Ẹ̀yin ọkọ, bí ẹ bá ti ń wá ọmọ fún ọdún kan, tàbí fún oṣù mẹ́fà bí ìyàwó bá ti ju ẹni ọdún 35 lọ, ẹ jọ lọ fún àyẹ̀wò, nítorí pé ó lè wà lọ́dọ̀ ọkùnrin pẹ̀lú. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹni tí ó bu ẹ̀fọ́ kún àwo ìyàwó ọmọ rẹ̀ ti ṣe é lóore ju ẹni tí ń ka oṣù mọ́ ọn lójú lọ. Kí a má sì ṣe gbé ìkòkò ọ̀tọ̀ kaná fún un. Àwo oúnjẹ yìí kan náà dára fún baba tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti fún ìyá àgbà tí ó ní àtọ̀gbẹ.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Àyípadà yìí kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan. Ó lè gba oṣù mélòó kan kí a tó rí èso rẹ̀. Láti òní lọ, kí ọmọbìnrin tí ọ̀rọ̀ yìí bá kàn mú ìwé kékeré kan, kí ó máa kọ ọjọ́ tí nǹkan oṣù rẹ̀ bá wá sínú rẹ̀, kí ó sì mú un dání nígbà tí ó bá ń lọ rí dókítà. Ìwé náà yóò sọ ohun tí ìtìjú kì í jẹ́ kí ẹnu sọ.