Fóònù Wa, Owó Wa àti Ọ̀wọ́n Ọjà ní Abidjan

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé gbogbogbòò ẹgbẹ́)

 

Àwọn olóyè ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ọ̀wọ́n gógó, wọ́n tún ní kí n fi ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìgbàlódé kún un. Mo rò ó títí, mo rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni. Fóònù ti di ẹnu kan sí i nínú ilé. Ó ń jẹun láàárọ̀, ó ń jẹun lálẹ́, kì í sì í bá wa ru ẹrù wọ ọjà.

Ọ̀wọ́n ọjà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹni tó bá ti pẹ́ ní Treichville tàbí ní Adjamé kò ní gbàgbé January 1994. Ní ọjọ́ 11 oṣù náà, wọ́n kéde ní Dakar pé owó sẹ́fà ti já sí ìdajì. Fàránkì Faransé kan tó jẹ́ 50 sẹ́fà di 100 sẹ́fà. Oníṣòwò tó ń ra ọjà òkè òkun, owó tó fi ń ra méjì di owó ẹyọ kan. Ní ìparí March àti ìbẹ̀rẹ̀ April 2008, àwọn obìnrin àti ọ̀dọ́ tú sí títì ní Cocody àti Yopougon nítorí owó oúnjẹ, títí ìjọba fi dá owó bodè dúró lórí àwọn oúnjẹ kan. Ní July 2016, wàhálà tún bẹ́ sílẹ̀ ní Bouaké lórí owó iná mànàmáná. Gbogbo rẹ̀ ṣojú wa.

Ohun tó yàtọ̀ nísinsìnyí ni pé owó ń jáde lọ́wọ́ wa láìjẹ́ pé a rí i. Láyé àtijọ́, a ó kọ lẹ́tà, a ó fi lé awakọ̀ lọ́wọ́, yóò gba Ghana, Togo àti Benin kọjá kó tó dé Èjìgbò tàbí Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí fóònù alágbèéká wọ ìlú yìí ní 1996, ti olówó ni. Lẹ́yìn náà ni kábíìnì dé etí títì: tábìlì kékeré, agboòrùn àti fóònù kan. O bá sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú méjì, o san owó ìṣẹ́jú méjì. Ojú rẹ rí owó náà bó ti ń lọ. Lónìí, fóònù wà nínú àpò, ó dákẹ́, síbẹ̀ ó ń jẹun. Ẹ̀gbọ́n kan fi fídíò ìgbéyàwó ránṣẹ́, àbúrò fi ti àdúrà ránṣẹ́, ó sì ń wọlé fúnra rẹ̀ yálà a fẹ́ wò ó tàbí a kò fẹ́. Ẹ ní kí ọmọ yín bá yín pa á, kó máa dúró de àṣẹ yín kó tó wọlé. Ìṣẹ́jú kan kò pé tí yóò fi ṣe é, ẹ ó sì rí ìyàtọ̀ rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ nọ́ńbà. Ní ọjọ́ 31 January 2021, gbogbo nọ́ńbà fóònù ní Côte d'Ivoire kúrò ní oní-8, ó di oní-10. Ti Orange gba 07 síwájú, ti MTN gba 05, ti Moov gba 01. Àwa tí a wà níbí gbọ́ ọ lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Ta ló sọ fún ìyá tó wà nílé? Nọ́ńbà tí ìyá mọ̀ ni èyí tí a kọ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà tàbí sára ògiri ìyẹ̀wù. Ó ní kí ọmọ ará ilé bá òun pè é, kò wọlé. Ó pè é títí ó fi sú u. Ìyá kì í ronú pé wọ́n yí nọ́ńbà padà. Ohun tó ń rò ni pé àìsàn dé, tàbí pé ọmọ òun ti gbàgbé òun. Nínú ìwé ẹgbẹ́ wa pàápàá, nọ́ńbà oní-8 ṣì pọ̀. Bí nǹkan bá ṣe ọmọ ẹgbẹ́ lóru, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ta ni a óò pè? Ẹ pe ilé lónìí. Ẹ ní kí wọ́n kọ 225, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tẹ̀ lé e, kí wọ́n ka á padà sí yín létí.

Ẹ̀kẹta ni owó orí fóònù. Mi ò ní bú u, nítorí ó ṣe wá lóore. Orange Money bẹ̀rẹ̀ níbí ní December 2008, àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Nígbà tí Wave dé ní 2021, tó ní 1% péré lòun yóò gbà lórí owó tí a bá fi ránṣẹ́, àwọn tó wà ńlẹ̀ náà dín owó wọn kù. Ẹni tó ń ra ọjà ní Daloa kò di owó mọ́ inú ìró wọ gbàkà mọ́. Ṣùgbọ́n 1% náà owó ni. Nínú 100,000 sẹ́fà, 1,000 ni. Bí o bá pín in sọ́nà mẹ́wàá lóṣù, kọ ọ́ sínú ìwé ìnáwó rẹ bí o ti ń kọ owó ọkọ̀.

Àwọn oníjìbìtì sì wà nídìí rẹ̀. Ẹnì kan yóò pè, yóò ní òun ṣèèṣì fi owó ránṣẹ́ sí ọ, yóò sì máa bẹ̀ ọ́ pé kí o dá a padà. Àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé lóòótọ́, ó jọ ti ilé iṣẹ́, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ wo iye tó wà nínú àpamọ́ yín. Bí kò bá lé, kò sí owó tó wọlé. Nọ́ńbà àṣírí yín kì í ṣe ohun tí a ń sọ fún ẹnikẹ́ni, ì báà ní ọ̀gá ilé iṣẹ́ lòun. Bí ó bá sì ti ṣẹlẹ̀, kí ojú má tì yín. Ẹ gbé ẹjọ́ lọ bá àwọn PLCC, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń rí sí jìbìtì orí ẹ̀rọ.

Ohun tó dùn mí jù nìyí. Ọ̀pọ̀ ìyá wa gbọ́ Faransé, wọ́n gbọ́ Júlà, wọ́n ń fi méjèèjì tajà, ṣùgbọ́n wọn kò lè kà á. Obìnrin tó fi 30 ọdún mọ ìṣirò ọjà rẹ̀ lórí wá ń na fóònù sí ọmọ kékeré pé, “Bá mi wo èló ni wọ́n fi ránṣẹ́.” Ẹni tó bá ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ fún ọ ló mú kọ́kọ́rọ́ àpò rẹ dání. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má kà á fún wọn nìkan, ẹ kọ́ wọn. Ìyá tó mọ òǹkà orí owó yóò mọ òǹkà orí fóònù.

Ní ti owó ilé, ẹ má jẹ́ kí ṣíṣẹ́ tàn yín. Ní ìbẹ̀rẹ̀ June 2023, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní báńkì. Nígbà tí 2024 fi ń parí, ó ti lé ní 1,500. Sẹ́fà tiwa so mọ́ owó Yúróòpù, nítorí náà sẹ́fà díẹ̀ di náírà púpọ̀. Ṣùgbọ́n gàrí, epo àti owó ọkọ̀ nílé gòkè pẹ̀lú rẹ̀. Kí a tó sọ pé ohun tí a fi ránṣẹ́ ti pọ̀ tó, ẹ jẹ́ ká bi wọ́n pé èló ni kóńgò gàrí.

Ẹ sì rántí 14 March 2024. Wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin já nítòsí Abidjan níbí, íntánẹ́ẹ̀tì sì dákẹ́ láti ìlú yìí dé Nàìjíríà, tó fi kan iṣẹ́ báńkì. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹ kọ nọ́ńbà pàtàkì sínú ìwé. Ẹ tọ́jú owó oúnjẹ ọjọ́ díẹ̀ sọ́wọ́.

Nítorí náà, mo mú ìmọ̀ràn mẹ́rin wá síwájú ẹgbẹ́. Kìíní, kí ọ̀dọ́ méjì máa jókòó ní gbogbo ìpàdé láti kọ́ àwọn àgbà ní fóònù wọn, lọ́fẹ̀ẹ́ àti ní gbangba. Èkejì, kí olúkúlùkù fi nọ́ńbà méjì sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé, ọ̀kan níbí, ọ̀kan nílé. Ẹ̀kẹta, owó ẹgbẹ́ tí a bá san lórí fóònù, kí akápò ṣì kọ rìsíìtì rẹ̀ sínú ìwé. Ẹ̀kẹrin, kí a dá owó jọ ra ìrẹsì àti òróró lápapọ̀, ká sì pín in, nítorí iye tí wọ́n ń ta àpò kì í ṣe iye tí wọ́n ń ta kóńgò.

A kò lè sọ owó ọjà kalẹ̀, a kò sì lè dá ẹ̀rọ padà sọ́dọ̀ ẹni tó ṣe é. Ṣùgbọ́n a lè ṣọ́ àpò ara wa, a sì lè ṣọ́ ti ẹnì kejì wa. Ohun tí àwọn tó ṣáájú wa torí rẹ̀ dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ nìyẹn.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká ṣiṣẹ́ àṣedànù. Àjò kò ní gbàgbé wa, a ó sì fi ẹsẹ̀ ayọ̀ délé.