ÀWO ORIN ÀTIJỌ́ TÍ Ó WÀ NÍNÚ ILÉ WA
Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé oṣooṣù ẹgbẹ́ wa ní Ìlú Festac, Amúwo-Ọ̀dọ̀fin

  

Ó ti di àṣà nínú ẹgbẹ́ wa pé, bí ọ̀rọ̀ ìpàdé bá parí, ẹnìkan a gbé àwo orin àtijọ́ kan wá láti ilé rẹ̀. A ó fi í sí orí ẹ̀rọ giramafóònù, a ó gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹni tí ó gbé e wá yóò sì sọ ohun tí ó mú kí àwo náà dùn mọ́ ọn. Àwọn kan ti ń béèrè pé, kí ni èrè èyí? Ṣé kì í ṣe fàájì àwọn àgbà lásán ni? Ìbéèrè náà tọ́, ó sì yẹ kí a dáhùn rẹ̀. Ìdáhùn wa ni pé fàájì ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìlú ni pẹ̀lú, àkókò tí a ó fi ṣe é kò sì pọ̀ mọ́.

Kí a kọ́kọ́ rántí ibi tí a wà. Ìlú tí à ń gbé yìí, orin àti ijó ni ó bí i. Ní ọdún 1966 ni àwọn ènìyàn dúdú gbogbo àgbáyé ṣe àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà wọn àkọ́kọ́ ní Dakar, ní ilẹ̀ Senegal. Nígbà tí ó kan orílẹ̀-èdè wa láti gba àlejò, a sún un síwájú, títí ó fi di ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 1977, kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ó parí ní ọjọ́ 12 oṣù Èrèlé. Nítorí àwọn àlejò wọ̀nyí, tí wọ́n ju 15,000 lọ, ni a ṣe kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé sí ẹ̀bá ọ̀nà Badagry, kí wọ́n lè rí ibi wọ̀ sí. Miriam Makeba wá kọrin, Stevie Wonder wá láti Amẹ́ríkà, Sun Ra àti ẹgbẹ́ onílù rẹ̀ pẹ̀lú sì wá. Nígbà tí wọ́n padà sí ilé wọn, a fi ìbò pín àwọn ilé náà. Bẹ́ẹ̀ ni ibùdó àwọn olórin ṣe di ìlú àwa òṣìṣẹ́ àti oníṣòwò.

Ẹ rántí àmì àjọ̀dún náà pẹ̀lú. Ìbòjú eyín erin ti Ìyá Ọba Idia ni, èyí tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó lọ ní Benin ní ọdún 1897. Ìjọba wa bẹ ilé ìṣúra ńlá tí ó wà ní London kí wọ́n yá wa ní ìbòjú náà fún àjọ̀dún. Wọ́n kọ̀. Ẹ̀dà rẹ̀ ni a gbẹ́ lò. Ohun tí ó bá ti kúrò ní ọwọ́ ẹni, ẹ̀bẹ̀ ni a fi ń wò ó, ẹni tí à ń bẹ̀ sì lè kọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo àwo orin. Ní ọdún 1922, Alùfáà J. J. Ransome-Kuti, ọmọ Ẹ̀gbá, lọ sí London, ó sì kọ orin 43 sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone. Kí ni ó mú kí orin rẹ̀ ṣe iyebíye? Ní ìgbà náà, ohùn orin Òyìnbó ni a sábà máa ń gbé lé orí ọ̀rọ̀ Yorùbá nínú ilé ìsìn, ohùn náà a sì máa gbé ọ̀rọ̀ sókè níbi tí ó yẹ kí ó sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èdè mọ̀ pé ọkọ kì í ṣe ọkọ́, ọkọ́ kì í ṣe ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kọ̀ jẹ́ ohun mìíràn pátápátá. Ẹni tí ó bá ṣi ohùn, ó ti ṣi ọ̀rọ̀. Alùfáà yìí jẹ́ kí orin tẹ̀lé bí ẹnu ti ń sọ̀rọ̀. Ó kú ní ọdún 1930, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ṣì wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ bí a ti ń pe Yorùbá ní ohun tí ó ju 100 ọdún lọ sẹ́yìn.

Fẹlá ni ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ó kọ̀ láti bá wọn lọ́wọ́ sí àjọ̀dún 1977, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àlejò ni ó lọ gbọ́ orin rẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Èrèlé, ọjọ́ 6 péré lẹ́yìn tí àjọ̀dún parí, àwọn ọmọ ogun sun ilé rẹ̀, ohun tí ó jóná nínú rẹ̀ kò sì ṣeé rà padà ní ọjà.

Àwo fúnra rẹ̀ ti ṣe àkóso orin wa ju bí ọ̀pọ̀ ti rò lọ. Àwo àtijọ́ a máa yí ní ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, ojú rẹ̀ kan kò sì gbà ju orin bí ìṣẹ́jú 3 lọ. Nígbà tí Túndé King kọ jùjú sínú àwo ní 1936, tí Àyìndé Bákàrè sì tẹ̀lé e ní 1937, ńṣe ni olórin ní láti ká ìkíni, oríkì àti òwe jọ kí abẹ́rẹ́ tó dé àárín àwo. Ní 1948 ni àwọn ará Amẹ́ríkà gbé àwo gígùn jáde, èyí tí ojú rẹ̀ kan gbà ju 20 ìṣẹ́jú lọ. Nígbà tí irú èyí di púpọ̀ lọ́dọ̀ wa, Ebenezer Obey àti Sunny Adé lè ṣeré lórí àwo gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe é ní òde àríyá, kí orin kan wọ inú èkejì láìdúró, kí gángan sì rí àyè sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ àwo méjèèjì yóò mọ̀ pé àwọn àgbà àkọ́kọ́ kò kúrú ọ̀rọ̀. Àwo ni ó kúrú.

Nínú àwọn àwo tí a ti gbọ́ níhìn-ín, ó yẹ kí a dárúkọ díẹ̀. Ní 1948, Hárúnà Ìshọ̀lá kọrin fún Ọba Adéboyè, Orímolúsì ti Ìjẹ̀bú-Igbó, ṣùgbọ́n àwo náà kò tà. Lẹ́yìn tí ọba wàjà, ó tún un kọ ní 1955, àwo náà sì sọ ọ́ di olókìkí. Ẹ̀yin Olóyè, ẹ wo èyí: ìyìn tí a kò kà sí nígbà tí ọba wà ní ayé ni a wá ń wá kiri nígbà tí kò sí mọ́. A gbọ́ Yusuf Ọlátúnjí pẹ̀lú sákárà àti gòjé rẹ̀. A gbọ́ Àyìnlá Ọmọwúrà, tí ó kọrin nípa ìkànìyàn ọdún 1973 àti owó Údójì. Ẹni tí kò ka ìwé ìròyìn nígbà náà, ẹnu Àyìnlá ni ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìlú. A gbọ́ I. K. Dáíró pẹ̀lú akọ́díọ̀nù rẹ̀, ẹni tí Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá lọ́lá ní 1963. Àwọn ìyá wa gbé Bàtílì Àlàkẹ́ wá, aṣáájú àwọn oníwákà, wọ́n sì gbé Sàláwà Àbẹ̀ní wá, tí ó kọrin arò fún Ọ̀gágun Murtala Muhammed ní 1976.

Aládùúgbò wa kan, ọmọ Ìgbò, gbé "Osondi Owendi" ti Olóyè Osita Osadebe wá, èyí tí ó jáde ní 1984. Ó túmọ̀ rẹ̀ fún wa ní ẹsẹẹsẹ, ó sì ní kí àwa náà túmọ̀ Hárúnà fún òun. Ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí túmọ̀ ni ọwọ́ wa dí: àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ inú wa kò mọ̀ rárá, àwọn oríkì kan sì wà tí ó jẹ́ alàgbà kan ṣoṣo nínú gbogbo ìpàdé ni ó lè tú u. Bí alàgbà náà kò bá wá ní ọjọ́ náà ńkọ́?

Àwọn kan sọ pé orin wọ̀nyí kò yẹ ní ohun tí à ń pa mọ́, nítorí pé owó ni a fi ra ìyìn inú wọn, olówó ni wọ́n sì ń yìn. A kò sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ta ni a ń kì láìdárúkọ baba rẹ̀? Olórin tí ó gba owó ní láti mọ ìlú ẹni náà, ìdílé rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ àti ẹgbẹ́ rẹ̀. Hárúnà kọrin fún Ẹgbẹ́ Òróki ní Òṣogbo ní 1971. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí ìlú ń bọ̀wọ̀ fún ní ìgbà náà, kí ó gbọ́ àwo náà. Owó ti bá ọwọ́ lọ, ìtàn ni ó kù.

Ewu tí ó wà níbẹ̀ rèé. Àwo 78 a máa fọ́ bí àwo ìjẹun. Àwo gígùn a máa tẹ̀ bí oòrùn bá pa á. Kásẹ́ẹ̀tì, tí ó gba ipò àwo, a máa hu èéhù nínú ọ̀rinrin bí irú ti ẹ̀bá ọ̀sà wa yìí. Bí bàbá bá kú, àwọn ọmọ tí ń palẹ̀ ilé mọ́ a kó àwo rẹ̀ fún onípáǹtí. Àwọn àjèjì tí ó mọ iyì wọn a sì máa rà wọ́n lọ. Ní 1985, ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà kó orin jùjú ti àwọn ọdún 1930 sí 1950 jọ sínú àwo kan. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, nítorí pé bí kò bá sí wọn, ọ̀pọ̀ nínú wa kì bá tí gbọ́ Túndé King rí. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ọmọ onílé máa bẹ àlejò kí ó tó gbọ́ ohùn baba rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìbòjú Idia tó fún wa ní ẹ̀kọ́.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni a fi síwájú ẹgbẹ́. Èkínní, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ju àwo nù kí ó tó fi hàn wá. Kí a máa gbé e dúró ní ìnàró, kí a má to ó lé ara wọn, kí ó jìnnà sí oòrùn, kí a sì máa di etí rẹ̀ mú dípò ojú rẹ̀. Èkejì, kí a kọ orúkọ olórin, orúkọ ilé-iṣẹ́ àti nọ́ńbà tí ó wà ní àárín àwo kọ̀ọ̀kan sínú ìwé kan. Ẹ̀kẹta, kí ọ̀dọ́ kan jókòó ti àgbà kan, kí ó kọ ìtumọ̀ oríkì àti òwe inú àwo sílẹ̀, kí ó sì gba ohùn àgbà náà pẹ̀lú. Ẹ̀kẹrin, bí a bá da orin kọ sínú ẹ̀rọ ìgbàlódé, kí ó jẹ́ fún ìpamọ́, kí a má ṣe tà á. Nítorí pé ní òfin ilẹ̀ wa, ẹ̀tọ́ ẹni tí ó ṣe orin ṣì wà fún àwọn àrólé rẹ̀ títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ẹ̀yin Olóyè, ẹ̀bẹ̀ wa sí yín kò pọ̀: yàrá kan ṣoṣo tí kò jò, tí ó ní kọ́kọ́rọ́. Victor Ọláìyá, tí ó fun fèrè ní òmìnira 1960, kú ní 2020. Fatai Rolling Dollar ti lọ ní 2013. Àwọn tí ó mọ̀ wọ́n nígbà èwe wọn kò pọ̀ mọ́, wọ́n sì ń lọ.

Àwọn baba wa wí pé, bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá ni baba ìtàn. Ọmọ tí ó ní àwo ní ànfàní tí àwọn baba wa kò ní: òun yóò gbọ́ ẹnu tí ó sọ ọ̀rọ̀ náà gan-an. Ní ìpàdé tí ń bọ̀, kí olúkúlùkù mú àwo kan wá, kí ó sì mú ọmọ kan dání.

 Kí ìlú ó tòrò, kí Ọba ó pẹ́.