Fítámì D àti Olùṣọ́ Àká Inú Ara

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ lónìí dá lórí àwọn hóró ẹran kéékèèké, mẹ́rin lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí wọ́n wà nínú ọrùn, lẹ́yìn ẹran tí ó máa ń wú di gẹ̀gẹ̀. Parathyroid ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn ń pè wọ́n. Ivar Sandström, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ni ó ṣàpèjúwe wọn nínú ara ènìyàn ní 1880.

Kí ni iṣẹ́ wọn? Ẹ fọkàn yàwòrán ilé àgbẹ̀ kan ní Òbbò-Ayégúnlẹ̀, tí ẹnì kan ń ṣọ́ àká àgbàdo. Bí oúnjẹ ilé bá dín, olùṣọ́ yóò bu àgbàdo síta. Bí ó bá tó, yóò ti àká. Bẹ́ẹ̀ ni parathyroid rí. Egungun ni àká. Kálísíọ̀mù tí ó ń mú egungun le ni àgbàdo. Ẹ̀jẹ̀ ni ilé tí ń jẹun. Bí kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ bá lọ sílẹ̀, àwọn hóró wọ̀nyí yóò tú èròjà kan jáde, tí yóò fa kálísíọ̀mù láti inú egungun, tí kò sì ní jẹ́ kí ó bá ìtọ̀ lọ. Fítámì D, tí ara ń ṣe nígbà tí oòrùn bá pa awọ, ni ó ń ṣílẹ̀kùn ìfun kí kálísíọ̀mù inú oúnjẹ lè wọlé.

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni iṣẹ́ olùṣọ́ yìí fi lè pọ̀ jù. Èkíní ni pé oko kò mú nǹkan wálé. Olùṣọ́ kò ṣẹ̀. Ebi ilé ni ó ń lé e. Oòrùn kò wọ́n ní Òbbò-Ayégúnlẹ̀, kò sì wọ́n ní Jos. Síbẹ̀, ní Jos, àwọn dókítà rí ọ̀pọ̀ ọmọdé tí egungun wọn rọ̀, tí ẹsẹ̀ wọn sì tẹ̀ bí ọrun. Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1999, wọ́n pín ọmọ 123 sí ọ̀nà mẹ́ta: àwọn kan gba fítámì D, àwọn kan kálísíọ̀mù, àwọn yòókù gba méjèèjì. Oúnjẹ àwọn ọmọ náà kò ní ju nǹkan bí mílígíráàmù 200 kálísíọ̀mù lọ lójúmọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 24, nínú ọgọ́rùn-ún tí ó gba fítámì D nìkan, 19 ni ara wọn yá dáadáa. Ti kálísíọ̀mù jẹ́ 61, ti méjèèjì sì jẹ́ 58. Ilẹ̀kùn ṣí, ṣùgbọ́n kò sí ẹrù tí yóò gba ibẹ̀ wọlé. Wàrà àti ẹja wẹ́wẹ́ tí a jẹ tegungun-tegungun wà lára ohun tí ó ń pèsè ẹrù náà.

Èkejì ni pé olùṣọ́ fúnra rẹ̀ bàjẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn hóró náà lè wú, kí ó máa bu àgbàdo síta nígbà tí ebi kò pa ẹnikẹ́ni. Àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ti dúró ni ó ń bá jù. Kálísíọ̀mù yóò kún inú ẹ̀jẹ̀, egungun yóò fúyẹ́, òkúta lè dì nínú kíndìnrín. Ní 1925, ní Vienna, Felix Mandl fi iṣẹ́ abẹ yọ irú hóró bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ni ìwòsàn rẹ̀ títí di òní.

Ǹjẹ́ ó yẹ kí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ lo fítámì D? Ẹ̀rù ba àwọn dókítà pẹ́: ta ni í ṣílẹ̀kùn fún ẹrù nígbà tí ilé ti kún? Ṣùgbọ́n fítámì D ọ̀pọ̀ wọn kéré, àìtó rẹ̀ a sì tún máa ru olùṣọ́ sókè. Ìwádìí kan ní Denmark, tí ó jáde ní 2014, fi hàn pé ó dín iṣẹ́ àwọn hóró náà kù láìsọ kálísíọ̀mù ẹ̀jẹ̀ di púpọ̀ sí i. Ní 2022, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n àgbáyé gbà pé kí a gbé èyí tí ó bá kéré sókè. Díẹ̀díẹ̀ ni, pẹ̀lú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba àwọn aláwọ̀ dúdú tí ń gbé ibẹ̀ níyànjú pé kí wọ́n ro ti lílo máíkírógíráàmù 10 lójúmọ́ yíká ọdún, nítorí oòrùn ibẹ̀ kò tó. Ọmọ tí ó wà ní London lè fi ìgò oògùn yìí ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ nílé. Ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n bí òkúta kíndìnrín bá ti ń yọ ìyá lẹ́nu, kí a yẹ kálísíọ̀mù ẹ̀jẹ̀ ìyá wò ná, kí ìyá tó gbé e mì.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ kì í ṣe ẹni yẹ̀yẹ́ ní kíláàsì; ilé ìwòsàn ni kí ẹ darí òbí rẹ̀ sí. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Kí a tó dá olùṣọ́ lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo oko. Ó dìgbóṣe.