Nígbà Tí Tẹlifíṣọ̀n Bá Di Ojú Kọ̀ǹpútà

Ojú láptọ́ọ̀pù yín fọ́, owó òmíràn ò sí, ẹ wá fi wáyà HDMI so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ó bọ́gbọ́n mu. Bí àwòrán ò bá yọ, ẹ fi rìmóòtù yan ihò HDMI tí wáyà wà gan-an, kí ẹ wá di bọ́tìnì Windows mú, kí ẹ tẹ P.

Èyí tó ń da ọ̀pọ̀ láàmú jù ni kí etí àwòrán gé kúrò. Tẹlifíṣọ̀n yín kò bàjẹ́ o! Láyé tẹlifíṣọ̀n onídìí gbàgbà, etí àwòrán kì í gún régé, wọ́n a sì fẹ̀ ẹ́ kọjá ojú gíláàsì kí àléébù náà lè pamọ́. Àṣà yẹn ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ òde òní. Ẹ wọ ibi ètò àwòrán, ẹ wá “Just Scan”, “Screen Fit” tàbí “1:1”. Orúkọ rẹ̀ yàtọ̀ láti ilé iṣẹ́ kan sí èkejì.

Bí lẹ́tà ò bá hàn ketekete, tí tẹlifíṣọ̀n sì jẹ́ Full HD, ẹ yan 1920 × 1080 lórí kọ̀ǹpútà. Bí àwòrán bá ń ṣẹ́jú, ẹ kọ́kọ́ yá wáyà aládùúgbò yín wò kí ẹ tó náwó.