Kíkọ́ Àwọn Olùṣọ́ Ọmọ ní Ìlú Wa

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé oṣooṣù Ẹgbẹ́)

Ọ̀rọ̀ tí ẹ pè mí sí ni ti àwọn ènìyàn tí ìlú fẹ́ yàn, tí wọn yóò fi ara wọn jìn láìgba owó, láti máa dènà àwọn tí ń fi ọmọ ènìyàn ṣòwò. Inú mi dùn sí ìmọ̀ràn náà. Ṣùgbọ́n yíyàn nìkan kò tó. Ẹni tí a kò kọ́, tí a sì fún ní agbára lórí ọmọnìkejì rẹ̀, ewu ni fún ìlú.

Àwa ọmọ Yorùbá kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ òwò ẹrú. Ní ọdún 1821 ni a kó Àjàyí ní Ọ̀ṣoógùn, tí a sì ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, kí ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀ ní 1822. Ogun ni ó kó Àjàyí. Ti òde òní kì í sábà gbé ìbọn wá. Aṣọ tuntun àti ìlérí ni ó ń gbé wá, ẹni tí ó sì gbé e wá lè jẹ́ àbúrò ìyá ọmọ náà, tàbí ẹni tí a jọ ń gbàdúrà. Nítorí náà, olùṣọ́ tí ó bá ń wo ojú ọ̀nà fún àjèjì nìkan, ibi tí olè kò gbà ni ó ń ṣọ́.

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ kan wá tí kò jìnnà sí wa. Ní 2003, àwọn aláṣẹ kó ọ̀pọ̀ ọmọdé kúrò ní àwọn ibi tí a ti ń fọ́ òkúta ní agbègbè Abẹ́òkúta. Ọmọ ilẹ̀ Benin ni wọ́n, púpọ̀ nínú wọn sì wá láti Zakpota, nítòsí Abomey. Ọmọ wọ̀nyí ń fọ́ akọ òkúta nínú oòrùn, èrè iṣẹ́ wọn sì ń lọ sọ́wọ́ ọ̀gá tí ó kó wọn wá. Ní 2005 ìjọba méjèèjì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn lórí ọ̀rọ̀ náà. Ilẹ̀ Benin sì ti dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ ní abúlé púpọ̀ láti máa ṣọ́ àwọn ọmọ, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń pète láti ṣe.

Ẹ̀kọ́ wà fún wa níbẹ̀, ó dùn, ó sì korò. Ìgbìmọ̀ tí ó bá mọ ará abúlé lè mọ ọmọ tí kò sí nílé kí ọlọ́pàá tó gbọ́. Ṣùgbọ́n ní ibòmíràn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dá gbogbo ọ̀dọ́ tí ń rìnrìn-àjò dúró, títí kan èyí tí ń wá iṣẹ́ òótọ́ lọ. Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Àwọn tí ó ti pinnu láti lọ bẹ̀rẹ̀ sí í gba inú igbó lóru, wọ́n sì tipa bẹ́ẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ó burú ju ti ìṣáájú lọ. Ọmọkùnrin tí ń lọ kọ́ṣẹ́ ní Ìbàdàn kì í ṣe ẹrú, a kò sì fẹ́ oníbodè tuntun tí yóò máa gba owó lọ́wọ́ rẹ̀.

Olùkọ́ ni mí, nítorí náà ẹ má bínú bí mo bá gbé ilé-ẹ̀kọ́ síwájú ibodè. Nínú ìwé tí a fi ń pe orúkọ ọmọ ní òwúrọ̀ ni ìròyìn ti sábà máa ń kọ́kọ́ hàn. Ọmọbìnrin tí ó ti ń wá déédéé kò wá fún ọ̀sẹ̀ méjì, olùkọ́ béèrè, a ní ó ti lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní Èkó, olùkọ́ fa ìlà pupa sórí orúkọ rẹ̀, ó tán. Èyí ni kí a kọ́ olùkọ́ láti má ṣe ṣe mọ́. Kí ó béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé: Àdúgbò wo, ojúlé ta ni? Ta ni ó wá mú un? Ilé-ẹ̀kọ́ wo ni ó ń lọ níbẹ̀? Nígbà wo ni ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ kẹ́yìn, ta ni ó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà tí ó ń sọ̀rọ̀? Ìyá tí ó mọ ìdáhùn kò ní bínú pẹ́. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ronú, ìrònú náà gan-an ni a sì ń wá.

Èmi kò bú àṣà fífi ọmọ sọ́dọ̀ ẹbí. Ó ti sọ ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a jókòó síhìn-ín di ènìyàn. Ṣùgbọ́n òfin 2015 kò gbà kí a fi ọmọ tí kò tó ọdún 12 ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, bí a bá sì fi ọmọdé ṣòwò, pé ọmọ náà gbà láti lọ kò sọ ẹ̀ṣẹ̀ náà di òfo.

Awakọ̀ ní gáréèjì náà ní láti kọ́ ẹ̀kọ́. Obìnrin kan kó ọmọ márùn-ún wọkọ̀, ó ní ọmọ ìyá kan ni wọ́n, síbẹ̀ wọn kò mọ orúkọ ara wọn. Kí awakọ̀ má ṣe lu ẹnikẹ́ni, kí ó má ṣe ya àwòrán ọmọ ká orí WhatsApp. Kí ó pe 627, nọ́ńbà NAPTIP, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí ní 2003, kí ó sì ṣe é láìpariwo.

Ẹ̀yin ìjòyè, ipa yín kò kéré. Àwọn oníṣòwò yìí a máa mú ọmọbìnrin búra ní ojúbọ, kí ẹ̀rù má baà jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2018, Ọba Ewuare Kejì ti Ìlú Benin pe àwọn àwòrò jọ, ó fi àwọn oníṣòwò náà gégùn-ún, ó sì tú àwọn tí wọ́n mú búra sílẹ̀. Ilé-ẹjọ́ kan kò lè ṣe irú èyí. Ohun tí mo sì fẹ́ bi yín nìyí, kí ẹ dá mi lóhùn kí a tó yan ẹnikẹ́ni: bí olùṣọ́ bá bá ọmọ tí a kó wá ní ilé ìjòyè, tàbí ní ilé díákónì ìjọ mi, ta ni yóò gbèjà olùṣọ́ náà?

Ilé-ẹ̀kọ́ wa ti fún wa ní yàrá kan fún ọ̀sán Sátidé mẹ́rin. Ogún ènìyàn ni ó lè gbà. Mo bẹ̀ yín, kí ìyálọ́jà, àwọn awakọ̀ àti àwọn olùkọ́ ní tiwọn níbẹ̀, kí ó sì kéré tán jẹ́ pé ẹnì kan nínú wọn jẹ́ ẹni tí ó ti bọ́ nínú oko ẹrú yìí padà wálé, bí ó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Akọ̀wé Ẹgbẹ́ ni yóò gba orúkọ.