Tábìlì Ìyá Aláta

 Ẹ̀yin ọmọ mi, ọdún mẹ́ta lẹ fi rọ́jú pẹ̀lú ayùn àti ìfági. Ẹ̀yin ọmọbìnrin tó wà láàárín yín, mo mọ ohun tí wọ́n sọ fún yín, torí wọ́n sọ ọ́ fún èmi náà: pé obìnrin kì í ṣe káfíńtà. Ẹ ti fọwọ́ dá wọn lóhùn.

Nígbà tí iná jó Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ níbí ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2020, ẹ̀gbẹ́ títì ni ọ̀pọ̀ ìyá wa ń pàtẹ sí kí ìjọba tó tún ọjà náà kọ́. Èmi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ṣa pákó tó kù ní ṣọ́ọ̀bù, a kan tábìlì fún àwọn tí kò lówó, a ò gba kọ́bọ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 3 ni mo ní kí wọ́n ga, bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi. Lọ́jọ́ kejì, mo bá ìyá aláta kan tó tẹ́ ata rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Báàgì rẹ̀ ló fi kọ́ ara tábìlì tuntun tí a kàn fún un. Ẹsẹ̀ ìyá náà kò gbé e dìde, orí àpótí ló ń jókòó sí, tábìlì mi sì bá a ní àgbọ̀n. Síbẹ̀ ó ń ṣàdúrà fún mi! Ojú tì mí. Mo gé ẹsẹ̀ tábìlì náà dé ìdajì lójú rẹ̀, ó sì kó ata sórí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kí n tó wọn pákó, mo máa ń béèrè ẹni tí yóò lò ó.

Bẹ́ẹ̀ náà lọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà rí. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2019 lórí ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá fún àwọn tó ni ilé tí ará ìlú ń wọ̀ ní ọdún 5 láti tún ọ̀nà ibẹ̀ ṣe. Ọdún 5 náà ti pé. Ṣùgbọ́n òfin kò lè di ayùn mú. Ẹ̀yin lẹ lè dì í mú. Bí ẹnu ọ̀nà bá ga ní ínǹṣì 1, ínǹṣì 12 ni kí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ pákó tí ẹ bá kàn síbẹ̀ fún kẹ̀kẹ́ àwọn àkàndá gùn. Ẹ má gé e kúrú nítorí àtiṣọ́ pákó lò. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó dúró gangan lè dojú ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ dé.

Àwọn tó ní obìnrin kì í ṣe káfíńtà á tún ní adití kò lè kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ọ̀kan kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Bí ẹ̀rọ ìlagi bá fẹ́ dààmú, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó fi lé tábìlì ló ń sọ fún un, kí etí tèmi tó gbọ́. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ Àkànṣe ti ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1977, wà ní Ọ̀yọ́ wa níbí. Akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ kan ló kọ́ mi ní èdè ọwọ́. Ẹ lọ béèrè níbẹ̀, ẹ má dúró kí wọ́n wá bá yín.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́jọ àárọ̀, ẹ bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́yìn Akẹ̀sán. A ó kan gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ fún ilé ìgbẹ̀bí kan tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ga ní ínǹṣì 8. Kí kálukú yín ti ṣírò bí pákó yóò ṣe gùn tó kó tó dé.